Ìwé Ẹ̀rí Tí N Kò Tètè Sọ Dọ̀tun

Nígbà tí wọ́n fa Bakassi lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan ní Bonabéri, ní Kamẹrúùnù níbẹ̀. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Mboppi. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ń pẹja ní Bakassi láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìlàjẹ. Nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ ń sá lọ sí Kàlàbá, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Fóònù rẹ̀ ò lọ.

Ìjọ wa ní kí n ṣe ìkànnì kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tó ń wá ara wọn lè fi orúkọ àti nọ́ńbà síbẹ̀. Mo ra ìwé ẹ̀rí ààbò fún un, èyí tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀dọ̀ gbájúẹ̀. Ọdọọdún là ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń bi mí pé, "Ṣé ó ti kọ̀wé?"

"Kò tíì kọ, Màmá."

Ímeèlì wọlé pé ìwé ẹ̀rí náà ò ní pẹ́ parí. Mo kà á, mo ní ó di Mọ́ńdè. Mọ́ńdè dé, iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn, mo gbàgbé. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ìkànnì wa fi ń rí ìkìlọ̀ pé ibẹ̀ léwu. Alàgbà ìjọ kan ló pè mí. Mo tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, mo rò pé ó ti tán.

Lẹ́yìn oṣù méjì, apẹja kan tó ti rí nọ́ńbà wa lórí ìkànnì náà wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Ó ní àbúrò ìyá mi ti kú ní Kàlàbá.

Ìyá mi ní, "Kí ló dé tí kò wá wa?"

"Ó wá yín, Ìyá. Fóònù rẹ̀ bọ́ sómi, gbogbo nọ́ńbà bá a lọ. Pásítọ̀ kan ló júwe ìkànnì yín fún wa. A lọ sí kafé íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ni kafé rí ìkìlọ̀ kan, ó ní olè ló wà lórí ìkànnì náà, kò jẹ́ ká ṣí i. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ibà dá a dùbúlẹ̀."

Mo bi í ní ọjọ́ tí wọ́n lọ. Ó sọ ọ́. Ó bọ́ sáàárín ọjọ́ mọ́kànlá yẹn.

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ̀bi mi ni." Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Ó bi mí pé, "Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó láti ṣe?"

"Kò tó wákàtí kan, Màmá."

"Kò tó wákàtí kan." Ó bú sẹ́kún.

Kò ṣépè fún mi. Kò fi oúnjẹ dù mí. Ṣùgbọ́n kò bi mí léèrè iṣẹ́ mi mọ́ láéláé.

A jọ lọ sí Kàlàbá. Apẹja yẹn fi ibi tí wọ́n sin ín hàn wá. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ nu iyẹ̀pẹ̀ náà bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ.

"A wá ọ o," ló ń sọ. "Àbúrò mi, ojoojúmọ́ là ń wá ọ."

Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. N kò lè bá a sọ pé ojoojúmọ́ là ń wá a.