Àròkọ Ìrìn-àjò Tí Leah Kò Rìn

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ lọ, ni wọ́n gba Leah Adéyẹmí sí ilé-ìwé abúlé kan lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà. Kò ní ìwé-ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó mọ ọmọ kọ́, kíláàsì kejì sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọdún 1959, àṣẹ dé pé olùkọ́ bíi tirẹ̀ tí kò bá yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Kíkà kò dà á láàmú. Àròkọ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á.

Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah, ọ̀gá ilé-ìwé, yọ̀ǹda láti máa kọ́ ọ nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Lọ́jọ́ kan ó mú ìbéèrè ìdánwò ọdún tó kọjá wá, ó ní kí ó kọ àròkọ lórí ìrìn-àjò kan tó rìn nínú ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó gba ìwé náà, gbólóhùn kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀: Leah kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí.

"Tíṣà, ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí?"

"Gbogbo òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn, sà."

"Ta ló béèrè òtítọ́ lọ́wọ́ rẹ? Wọ ọkọ̀ náà nínú ìwé, kí o sọ̀ kalẹ̀ nínú ìwé. Ẹnikẹ́ni kò ní gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ."

Leah rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò mú kálàmù. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá dìde láti jẹ́rìí, ohun tí ojú rẹ̀ rí gan-an ni yóò sọ. Bó bá fi àbùmọ́ kún un, alàgbà á ní kó jókòó. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé "mo lọ" àti "mo rí" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfiṣeré.

"Bí mo bá kọ ọ́ pé mo lọ, sà, irọ́ ni mo pa."

"Ìjàpá tó lọ fẹ́ ọmọ ọba, tí ò ń sọ ìtàn rẹ̀ fún kíláàsì kejì, ṣé ìwọ lo ṣe alárinà rẹ̀?"

"Àlọ́ nìyẹn, sà. Mo ti ké 'Ààlọ́ o', wọ́n sì ti dáhùn 'Ààlọ̀'. Wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n jókòó tì."

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹni tó ṣètò ìdánwò ńkọ́? Kò mọ̀ bóyá o kúrò lábúlé yìí rí. Síbẹ̀, ó ní kí gbogbo yín ròyìn ìrìn-àjò. Òun ti dáhùn 'Ààlọ̀' kí o tó lanu."

Leah ní òun á rò ó wò. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ó ti kọ ojú ìwé mẹ́rin. Ọ̀gá kà á tán, ó ní, "Ọkọ̀ yìí kò tíì kúrò ní Ìbàdàn."

"Ewúrẹ́ obìnrin kan ló dá wa dúró, sà."

Láti ìgbà náà, bí yóò ṣe máa gé ọ̀rọ̀ kúrú ni ọ̀gá ń kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ìrìn-àjò lórí omi ni wọ́n béèrè. Leah kò rí òkun rí, ṣùgbọ́n ó wọ ọkọ̀ nínú ìwé.

"Ṣé o kọ ọ́ parí?" ni ọ̀gá bi í nígbà tó dé.

"Wọ́n ní ká dáwọ́ dúró kí a tó gúnlẹ̀, sà."

"Àwọn èrò ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ojú omi ni mo fi wọ́n sí."

Ọ̀gá di orí mú, ó rẹ́rìn-ín títí.

Lẹ́yìn Kérésì ni èsì dé. Leah yege, bí máàkì rẹ̀ kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń fẹ́ lọ. Ó kà á, ó tún un kà, lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá kíláàsì kejì náà ni òun yóò máa kọ́ lọ.

"Ta ni ká tún gbé wọn fún?" ni ọ̀gá wí, ó sì na páálí ṣọ́ọ̀kì tuntun sí i.