Ọbẹ̀ Tí N Kò Tọ́ Wò

Bí ẹ bá rí ọ̀rá èlùbọ́ tí wọ́n ya àtẹ́lẹwọ́ sí lára, tí ẹ̀kán ọbẹ̀ kan wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ náà, èmi ni mo ni ín. Ọwọ́ mi gan-an ni ayàwòrán wò tó fi yà á. Mo ní kó ya làálì sí àwọn ìka náà, ó ní kí ni làálì ń wá lára èlùbọ́. Mo ní kó yà á bí mo ṣe wí. Èlùbọ́ yẹn ló kọ́ ilé tí mo ń gbé ní Ṣakí, òun ló ra ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́, òun náà ló rán àwọn ọmọ mi lọ sí ilé ìwé tí èmi kò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ṣẹ́ oúnjẹ. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ìyá mi ni, nítorí ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí láti yọjú wo ìkòkò. Ìyá mi kì í kọ́ èèyàn ní nǹkan. Bí o bá bi wọ́n pé iyọ̀ náà yóò ti pọ̀ tó, wọ́n á ní ṣé ojú ń dùn ọ́ ni.

Nígbà tí mo délé ọkọ, ọkọ mi jẹ́ tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a sì ń gbé ilé kékeré kan nítòsí ilé ìwé rẹ̀. Mo wá iṣẹ́ lọ sí ilé àlejò ìjọba tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ tó bá ti Ìbàdàn wá máa ń sùn sí. Abọ́ fífọ̀ ni wọ́n gbà mí fún. Kúùkù tó wà níbẹ̀ jẹ́ bàbá kan tó ti bá òyìnbó ṣiṣẹ́ rí, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó oorun ọ̀sán. Bó bá ti sùn báyìí, èmi a dáná. Mo ba oúnjẹ jẹ́ níbẹ̀ kọjá kèrémí, mo sì jẹ gbogbo èyí tí mo bà jẹ́ kó má baà sí ẹlẹ́rìí. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Wàrà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn obìnrin Fúlàní máa ń gbé e wá láti gáà wọn láràárọ̀. Èmi a gé e, n ó din ín títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n, n ó wá dà á sínú ọbẹ̀ ìṣápá tó ní ẹ̀gúsí. Ìṣápá kan, wàrà ní ọ̀rá, àwọn méjèèjì a sì bá ara wọn rẹ́ nínú ìkòkò. Kò sí ẹni tó sè é bẹ́ẹ̀ ní ilé wa, èmi ni mo ṣàdédé dán an wò.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifíṣàn kan wá ya àwòrán oko tábà, wọ́n sì wọ̀ sí ilé àlejò náà. Ọ̀gá wọn bu ọbẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí wọ́n pe ẹni tó sè é. Kúùkù ló jáde. Ọ̀gá ní kó ṣàlàyé bó ṣe sè é, kúùkù ń wo òkè, ó ń wo ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pè mí nìyẹn, tèmi ti ọṣẹ lọ́wọ́. Mo ṣàlàyé fún ọ̀gá náà bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí, ẹ̀rín ń pa á, ó ní ṣé mo lè wá máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Ìbàdàn níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán.

Ọkọ mi gbà. Ṣùgbọ́n àṣẹ kò sí lọ́wọ́ ọkọ mi. Bàbá ọkọ mi ni olórí ẹbí, àfáà ni wọ́n, ohun tí wọ́n bá ti sọ, kò sí ẹni tó ń yí i padà. Wọ́n bi mí bóyá n ó máa borí. Mo ní n ó máa borí. Wọ́n bi mí bóyá n ó máa wálé. Mo ní ọjọ́ mélòó kan nínú oṣù ni mo máa lọ.

“Máa lọ,” ni Bàbá wí. “Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí nǹkan náà bá kan ẹ̀sìn rẹ, ọjọ́ náà ló parí.”

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. N kò mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni n ó fi gbé ọjọ́ náà wá.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dúró níwájú ẹ̀rọ wọn, iná tí wọ́n tàn sí mi gbóná ju ti ààrò mi lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé gbogbo ohun tí mo ti kọ́ sórí fò lọ. Mo bá ṣe ohun tí ìyá mi máa ń ṣe nídìí ìkòkò. Mo kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo lá a, mo fi ahọ́n pa tọ̀ọ́, mo ní, “Ó ti dé ibi tó ń lọ.” N kò gbèrò rẹ̀ rárá. Ohun tí àwọn òǹwòran sì dì mú nínú gbogbo ìdáná náà nìyẹn. Ọ̀gá ní n kò gbọdọ̀ parí láìṣe é.

Kó tó pé ọdún méjì, n kò lè gba àárín Ìsẹ́yìn kọjá kí ẹnìkan má na àtẹ́lẹwọ́ sí mi. Kọ́ńdọ́kítọ̀ a lá ọwọ́ tirẹ̀, a fi ahọ́n pa tọ̀ọ́, a ní kí n má sanwó ọkọ̀. Lẹ́tà ń wọlé, ọkọ mi ń kà á fún mi. Àwọn obìnrin láti Òkèhò títí dé Ìbàdàn fẹ́ mọ ibi tí mo ti ń rí èlùbọ́ tí kì í ta kókó àti ìṣápá tí kò ní yẹ̀ẹ̀pẹ̀, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì í sínú ọ̀rá fún wọn. Ibẹ̀ ni owó ti bẹ̀rẹ̀.

Ààwẹ̀ wá dé. Àwọn àfáà ní bí alásè bá fi ahọ́n kan ọbẹ̀ tó sì tu ú dànù, kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Ìyá mi kò gba ìyẹn gbọ́. Wọ́n ní ahọ́n tó bá mọ ọ̀nà ìkòkò yóò mọ ọ̀nà ọ̀fun. Ní ilé wa, ọmọ kékeré tí kò tíì tó ààwẹ̀ gbà la máa ń pè kó bá wa tọ́ ọbẹ̀ ìṣínu wò. Mo wá rò ó pé kí ni n ó ṣe lórí tẹlifíṣàn tí gbogbo ayé ń retí ahọ́n mi. Mo bá gbọ́n. Mo bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n gba ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ ṣáájú ààwẹ̀. Mo sè, mo tọ́ ọ wò, mo sè, mo tọ́ ọ wò, títí inú mi fi wú. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú téèpù. Mo padà sí Ṣakí, mo lé làálì níbi yìgì àbúrò ọkọ mi, mo fọkàn balẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ mi.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀, awakọ̀ lọ́rí kan tó ń gbé nítòsí ilé Bàbá gbé tẹlifíṣàn rẹ̀ síta bó ṣe máa ń ṣe. Bátìrì lọ́rí ló fi ń gbé e, gbogbo àdúgbò ló sì ń bá a wò ó. Aago márùn-ún àbọ̀ ni. Oòrùn ṣì wà lókè, òùngbẹ ń gbẹ gbogbo ìlú. Èmi wà nílé wa nítòsí ilé ìwé, èmi nìkan, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ní ìta awakọ̀, àwọn ará àdúgbò ń wò mí bí mo ṣe ń lá ọbẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́.

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ téèpù nígbà náà? Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbọ́ nínú rédíò, ìgbà tí wọ́n ń gbá a lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n bá rí nínú àpótí yẹn, ní tiwọn, ìṣẹ́jú yẹn náà ló ń ṣẹlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé mọ́ṣáláṣí pé ìyàwó ilé àfáà ń jẹun ní gbangba nínú oṣù ààwẹ̀. Ẹnìkan tilẹ̀ ní òun rí i bó ṣe gba ọ̀fun mi kọjá.

Bàbá ránṣẹ́ pè wá. Wọn kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé téèpù bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì. Bó ṣe ń ṣàlàyé sí i ni ọ̀rọ̀ náà ń jọ irọ́ sí i. Bàbá dá a dúró.

“Ìyàwó, ọwọ́ ta ni wọ́n rí yẹn?”

Mo ní, “Ọwọ́ mi ni, Bàbá.”

“Ẹnu ta ni?”

“Ẹnu mi ni, sà.”

Wọ́n ní kí ni ọkọ mi wá ń sọ. Bàbá ní àwọn kì í dájọ́ ohun tí ojú àwọn kò tó, ìròyìn kò tó àfojúbà. Ní Sátidé tó ń bọ̀, àwọn yóò wò ó fúnra àwọn. Bó bá rí bí wọ́n ṣe wí, n kò ní tẹ Ìbàdàn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn ju ààwẹ̀ lọ. Iṣẹ́ náà ń dùn mí, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fọ abọ́ rí, mo lè padà sídìí abọ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé Bàbá nìkan ló lè sọ fún mi pé máa lọ, wọ́n sì sọ ọ́. Bí wọ́n bá kú pẹ̀lú èrò pé mo tan àwọn jẹ, irú ẹnu wo ni n ó fi máa sọ fún ayé pé ọbẹ̀ mi dùn?

Nígbà tí Sátidé dé, mo ti wà ní ilé Bàbá láti ọ̀sán, mò ń dáná ìṣínu. Wàrà àti ìṣápá ni mo sè, nítorí pé òun lọwọ́ mi mọ̀ jù. Awakọ̀ ti fi ẹ̀yìn lọ́rí rẹ̀ wọ agbo ilé, wọ́n ti so wáyà mọ́ bátìrì, gbogbo ọmọdé sì ti ṣù mọ́ ọn. Nígbà tó tó àkókò kí n pe ọmọ kan kó wá bá mi tọ́ ọbẹ̀ wò, kò sí ọ̀kankan nítòsí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ wà, n kò jẹ́ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo dé ìkòkò, mo lọ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá.

Bàbá wà lórí awọ àgbò wọn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí mẹ́ta jókòó tì wọ́n. Àpótí náà kùn, ó mọ́lẹ̀, mo sì yọ níbẹ̀, mò ń gé wàrà, mò ń ṣàwàdà. Àwọn èèyàn wo àpótí, wọ́n wò mí. Wọ́n tún wo àpótí. Ariwo wọn lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ohùn tèmi nìkan, èyí tó ń ti inú àpótí wá.

Nígbà tí mo na àtẹ́lẹwọ́ nínú àpótí láti kán ọbẹ̀ sí i, Bàbá fa ọwọ́ mi tó wà lórí ẹní, wọ́n ṣí i. Làálì rẹ̀ dúdú kirikiri. Ọwọ́ ti inú àpótí kò ní làálì kankan. Bàbá gbé ọwọ́ mi sókè kí àwọn àgbà náà lè rí i.

“Ọ̀kan gbẹ, ọ̀kan tutù,” ni wọ́n wí. “N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mo mọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi.”

Méjì nínú àwọn àgbà náà ń mi orí. Ẹ̀kẹta, tí ojú rẹ̀ le bí ẹ̀kọ àná, ní òun gbà pé n kò sí nínú àpótí. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí ahọ́n ń bọ́, ta ló mọ̀ bóyá ahọ́n náà lè sinmi nídìí ìkòkò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́? Kò sí ẹni tó mọ̀ àfi èmi àti Ọlọ́run.

Oòrùn wọ̀, ládánì pèrun. A fi omi àti dàbínù ṣínu, àwọn ọkùnrin kírun, mo gbé oúnjẹ síwájú wọn. Bàbá kò gba abọ́. Wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sí mi. Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí jẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò kúrò níbẹ̀. Mo kán ọbẹ̀ sí i. Bàbá lá a, wọ́n tún lá a.

“Ọbẹ̀ yìí kò níyọ̀,” ni wọ́n wí. “Kò ní rárá.”

Mo gbé ọwọ́ lérí. Iyọ̀ wà nínú igbá rẹ̀ ní ilé ìdáná, bí mo ṣe gbé e síbẹ̀ ní ọ̀sán náà ló ṣe wà. Bàbá yíjú sí àgbà kẹta tó ti gbé òkèlè sẹ́nu, tí kò mọ bó ṣe máa gbé e mì.

“Ẹni tó bá tọ́ ọbẹ̀ yìí wò,” ni Bàbá wí fún un, “kò ní gbé e síwájú àlejò.”

Àgbà náà gbé òkèlè rẹ̀ mì, ó ní òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni Bàbá ti bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn, n kò gbọ́ ẹ̀rín náà rí.

“Lọ bu iyọ̀ wá, ìyàwó. Ìgbà wo lo tún ń lọ sí Ìbàdàn?”

Mo ní lẹ́yìn ọdún ìtúnu ni. Mo wọ ilé ìdáná, mo sunkún díẹ̀, mo sì bu iyọ̀.