Ọ̀kà Ìlú, Ọkà Irúgbìn

Bí ẹ bá wọ ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Alájọpín Irúgbìn ní Ìkàrẹ́, Màrdíyyàh lẹ máa kọ́kọ́ rí, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹ má gbọ́ ohùn rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àáfà ni bàbá rẹ̀. Iwájú ilé wọn ni àwọn ọmọ ti ń fi wàláà kọ́ kéwú, ibẹ̀ ni òun náà ti mọ̀ láti kékeré pé bí tóńtó kan ṣoṣo bá kúrò lórí lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. "Máa wo àmì rẹ dáadáa," ni bàbá rẹ̀ máa ń sọ fún un. Ó ń wò ó títí dòní.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba orúkọ àwọn àgbẹ̀ tó fẹ́ irúgbìn. Ní Ọ̀kà, ní Arigidi, ní Òkè-Àgbè àti ní Ipe, aṣojú kọ̀ọ̀kan ń kọ ọ́ sínú ṣíìtì Excel: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ìlú, irúgbìn. Màrdíyyàh á wá tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ètò kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ ń lò. Ètò yìí ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n wá gba irúgbìn, òun náà ló ń tẹ ìwé tí awakọ̀ máa mú lọ.

Ní èṣín, ìwé tí awakọ̀ gbà kà báyìí: "Oka, Ipe, àpò ogójì." Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Àgbàdo tó ń lọ sí Ipe ni aṣojú tó kọ ọ́ sínú ṣíìtì ní lọ́kàn, nítorí ọkà lòun ń pe àgbàdo. Awakọ̀ rí Oka, ó já gbogbo ẹrù sí ìlú Ọ̀kà. Kí wọ́n tó kó o padà, òjò àkọ́rọ̀ ti lọ. Obìnrin kan wà ní Ipe, Mọ́júbọ́lá, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Success. Ó ti ro oko rẹ̀ sílẹ̀, kò sì rí nǹkan gbìn sí i. Ó wá sí ọ́fíìsì, kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn jókòó. Ìjókòó yẹn dun Màrdíyyàh ju èébú lọ.

Lọ́dún yìí, alága ẹgbẹ́, Bàbá Zacchaeus, ti kìlọ̀ fún wọn. "Bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín kúrò níbí. Bíìrò àti ìwé la máa padà sí."

Ni Màrdíyyàh bá lọ bá Hafeez tó kọ ètò náà. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi to ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn kó tó sọ ọ́ jáde. "Mo fẹ́ kí ètò yìí máa gba ṣíìtì wọlé fúnra ẹ̀, kí n yéé tún un tẹ̀. Ṣùgbọ́n kó yẹ̀ ẹ́ wò ná. Èyí tí kò bá dáa, kó má wọlé."

"Háà! Àǹtí wa sọ̀rọ̀ lónìí!" Hafeez bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ n tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó tún dákẹ́."

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ máa gbéra lọ sí Ipe lọ́jọ́ kejì.

"Ìlú gbọ́dọ̀ wà lára àwọn ìlú wa," Hafeez ń ṣàlàyé. "Irúgbìn gbọ́dọ̀ wà lára irúgbìn wa. Nọ́ńbà fóònù gbọ́dọ̀ pé mọ́kànlá. Èyí tó bá dáa, á ní àwọ̀ ewé. Èyí tí kò dáa, pupa."

Ó gbé ṣíìtì Arigidi wọlé. Ìlà méjì pọ́n wẹ̀ẹ̀: Excel ti gé òdo iwájú nọ́ńbà wọn dànù. Inú Màrdíyyàh dùn débi pé ó fọwọ́ bo ẹnu. Ojú òun ìbá fo èyí! Lẹ́yìn náà ni Hafeez gbé ṣíìtì Ipe sí i. Ìlà mẹ́tàdínláàádọ́ta, gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé.

"Ipe ò ní wàhálà rárá! Ẹ jẹ́ n fi ránṣẹ́."

Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì nígbà tí Màrdíyyàh rí ìlà kẹrìnlá. Mọ́júbọ́lá Godwin. Ìlú: Oka. Irúgbìn: Oka.

"Dúró!"

Ohùn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá Zacchaeus fi yọjú láti yàrá kejì.

"Ìyá Success kì í ṣe ará Ọ̀kà," ni Màrdíyyàh wí. Wọ́n wò ó wálẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ nìkan ló ní Ipe. Láti orí ẹnì kejì dé ìparí, Oka àti Oka ni.

"Ṣùgbọ́n Oka wà lára ìlú," Hafeez ń ṣe hàà, "ó sì wà lára irúgbìn. Ẹ̀rọ ò rí àléébù kankan níbẹ̀."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Kò sí àmì lórí ẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ èyí tí wọ́n ń gbé inú ẹ̀, kò mọ èyí tí wọ́n ń jẹ."

Bàbá Zacchaeus káwọ́ sẹ́yìn. "Ṣé ó tún ti dé náà nìyẹn?"

"Kò tíì lọ o, Bàbá," ni Màrdíyyàh dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní wákàtí kan."

Ó pe Pius, aṣojú wọn ní Ipe, lórí fóònù. "Bọ̀ọ̀dá Pius, báwo lẹ ṣe kọ ìlú?"

"Ìlú kẹ̀? Mo kọ Oka sí irúgbìn ẹni àkọ́kọ́, mo dà á kọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ìyókù." Pius ṣí ṣíìtì rẹ̀ wò. "Yéè! Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlú pẹ̀lú! Mo ti kó gbogbo Ipe lọ sí Ọ̀kà!"

Màrdíyyàh yíjú sí Hafeez, ọ̀rọ̀ sì ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi fún. Kó yọ Oka kúrò lára irúgbìn, àgbàdo nìkan ni kí wọ́n máa kọ. Kí ṣíìtì aṣojú Ipe má gba ìlú mìíràn. Bí ìlà kan bá pọ́n, kí gbogbo ṣíìtì dúró. Kí ètò sì sọ ohun tó fà á ní Yorùbá, kó yé Bọ̀ọ̀dá Pius.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ ètò yìí báyìí o," ni Hafeez wí, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíákíá. "Èmi kàn ń bá yín tẹ̀ ẹ́ ni."

Wọ́n tún gbé ṣíìtì Ipe yẹn wọlé. Gbogbo rẹ̀ pọ́n! "Ìlà 14: A kò ní irúgbìn tó ń jẹ́ Oka. Ṣé àgbàdo lẹ fẹ́? Ìlú yìí kì í ṣe Ipe. Ẹ tún un wò."

Màrdíyyàh fò sókè, ó pàtẹ́wọ́.

"Pupa lẹ̀ ń jó sí?" Bàbá Zacchaeus bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá! Ó ti mọ̀ ọ́n! Kò gbà á wọlé!"

Pius tún un ṣe, ó sì dá a padà kí wọ́n tó pe ìrun Àìlà. Àwọ̀ ewé, mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ipe, àgbàdo. Màrdíyyàh ka gbogbo rẹ̀ lójú, ó tún un kà, kó tó fi ìka ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì.

Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi dún. "Màrdíyyàh, ẹ̀rọ yín kọ̀wé sí mi o! Ó ní Ipe! Ṣé ọ̀dọ̀ wa ni lóòótọ́?"

"Ọ̀dọ̀ yín ni, Ìyá Success."

"Ṣé kì í ṣe Ọ̀kà?"

"Kì í ṣe Ọ̀kà, Mà!"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màrdíyyàh jókòó ti awakọ̀, ìwé ẹrù wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé àárín Ọ̀kà, àwọn tó mọ ọkọ̀ náà sáré jáde, wọ́n ń juwọ́ kó dúró.

Awakọ̀ wo ojú rẹ̀. Màrdíyyàh yọrí lójú fèrèsé, ó sì pariwo débi pé ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Tiyín ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé! Ti Ipe lèyí!"

Ọkọ̀ kò dúró.