Ibi Tí Oríkì Mi Dúró Sí

"Àjàní, ọmọ ilé tó kọjú sódò tí kò kẹ̀yìn sọ́nà…"

Ohùn màmá àgbà ń bọ̀ láti òkè orí mi, ojú mi sì ń wo ilẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Mushin tán ni, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì náà tutù, òórùn ògì kíkan sì dà pọ̀ mọ́ òórùn kẹrosíìnì tó ń jáde láti yàrá kejì. Mo wà ní ìdọ̀bálẹ̀, àmọ́ àyà mi ò kanlẹ̀. Kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Ẹ̀wù ilé ìwé mi funfun, Mọ́mì mi sì ti búra pé bí mo bá tún gbé ìdọ̀tí sára ẹ̀wù yẹn, èmi ni màá fọ̀ ọ́. Torí náà, àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ni mo fi gbé ara mi dúró bí afárá. Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń kì mí, kò sì kánjú rárá.

"Ọmọ arìnpẹ̀lẹ́ wọ̀lú tí ìlú ń mì. Ọmọ ẹni tó fún àlejò lómi kó tó béèrè orúkọ rẹ̀…"

Apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó rí i. Kò sígbà tí kì í rí i.

"Ó tó. Dìde, ọkọ mi. Ẹ̀wù funfun ni o."

"Màmá, ó ṣì kù!"

"Ó kù, àbí? Ta ló ní kí apá rẹ máa gbọ̀n? Oríkì ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ. Lọ́jọ́ tí apá rẹ bá gbà á, wàá gbọ́ ọ dópin."

Ìyá tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa yọ orí síta, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àjàní, kí lo sọ nù tí o ń wá nílẹ̀ láràárọ̀? Bó bá jẹ́ owó ni, jẹ́ ká jọ wá a o! Màmá, ẹ jẹ́ kọ́mọ yìí máa lọ, wọ́n á nà án níléèwé."

"Bí wọ́n bá nà án, kó sọ fún tíṣà pé bàbá ńlá òun ló dá òun dúró."

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe rí lára mi, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ bóyá màá lè ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Ọmọ tí ẹ̀rù máa ń bà ni mí. Ẹ̀rù tíṣà ń bà mí, ẹ̀rù ajá ilé kejì ń bà mí, ẹ̀rù pé Dádì mi lè jáde kó má padà wálé ń bà mí, láìsí ìdí kankan. Ní ilé ìwé, "Eegun" ni wọ́n ń pè mí torí pé mo tínrín. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, fún ìgbà díẹ̀ tí apá mi fi lè gbé mi, mo máa ń di ọmọ àwọn èèyàn kan tó rìn pẹ̀lẹ́ tí ìlú sì mì. Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Mo rò pé bí mo bá lè gbọ́ oríkì náà dópin, ẹ̀rù ò ní bà mí mọ́. Nǹkan tí mo fẹ́ láyé nìyẹn, kò sí òmíràn.

Ibi tó jìnnà jù tí mo dé rí ni òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti họlidé. Apá mi gbọ̀n, mo di eyín mọ́ra, màmá àgbà sì wò mí, ó ń bá a lọ. Ó dé ibi tí mi ò tíì gbọ́ rí: "Bàbá ńlá rẹ dé oríta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní…"

Mo ṣubú gbì. Àyà mi balẹ̀, ẹ̀wù funfun lọ. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló ní, Màmá?"

"Lọ bi apá rẹ."

Ní àsìkò òjò ọdún yẹn kan náà ni mo fò kọjá gọ́tà láti mú bọ́ọ̀lù, tí ẹsẹ̀ mi sì yọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gba ilẹ̀. Mo gbọ́ ọ, ó dún "kẹ̀" bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ pòròpórò àgbàdo. Dádì mi gbé mi lọ sí ọsibítù ní Ìdí-Àràbà, wọ́n sì da nǹkan funfun bíi sìmẹ́ǹtì bo ọwọ́ mi láti ìka dé ìgúnpá. Gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́wọ́ mi, màmá àgbà kò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀. Màá tẹ orí ba níwájú rẹ̀, yóò fi ọwọ́ rẹ̀ tó tutù, tó ń run ògì, kàn mí lórí, á ní, "Àjàní," á sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré. Mo máa ń lọ sílé ìwé bí ẹni tí ebi ń pa.

Nígbà tí wọ́n wá gé nǹkan funfun náà kúrò, mo rò pé wọ́n ti fi ọwọ́ ọmọ ẹlòmíì rọ́pò tèmi. Ó rù, awọ ara rẹ̀ ń bó, ọrùn ọwọ́ náà ò sì tẹ̀. Bí mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀, ìrora á gún mi láti ibẹ̀ dé èjìká. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, kí n sì máa fún nǹkan rírọ̀ lọ́wọ́, kí agbára lè padà díẹ̀díẹ̀.

"Màmá, ẹ kì mí lórí ìdúró."

"Bí mo bá kì ọ́ lórí ìdúró, kí lo máa fi ọwọ́ yẹn ṣe?"

Ògì ni màmá àgbà ń ṣe tà. Lẹ́yìn ilé, ìró omi ni ìró iṣẹ́ rẹ̀: ó máa ń da àgbàdo lílọ̀ sínú aṣọ tó nà bo ẹnu bàsíà, á fi ọwọ́ rò ó, á da omi sí i, á tún rò ó, títí tí eèrí nìkan á fi kù lórí aṣọ. Lẹ́yìn tí ògì bá sì ti silẹ̀, á rọ ọ́ sínú àpò, á dì í lẹ́nu, á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro. Látọjọ́ tí ọwọ́ mi ti jáde nínú nǹkan funfun náà, kò lo òkúta mọ́. Èmi ló fi ṣe òkúta. Mo máa ń kúnlẹ̀ níwájú àpò náà, màá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, màá fi ara tì í. Ògì rọ̀, ó máa ń gba ọwọ́ mi bí ìrọ̀rí. Omi á máa ro jáde lábẹ́, ó kan, ó tutù.

Mo máa ń fi ọwọ́ òsì ṣe gbogbo rẹ̀. Mo rò pé kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó tọ́ka sí àpò.

"Wò ó. Apá òsì ti pẹlẹbẹ, apá ọ̀tún ṣì wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Èmi lo ń tàn ni, àbí àpò?"

Mo bú sẹ́kún. Mo sọ fún un pé ọwọ́ náà ò ní san láé, pé gbogbo ọmọ kíláàsì mi ti mọ̀ pé mo yarọ. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó kàn gbé ọwọ́ tiẹ̀ lé orí ọwọ́ ọ̀tún mi lórí àpò, ó sì tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lẹ́, bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń bú mi: "Ọ̀lẹ. Ọmọ burúkú. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ọkọ mi àtàtà. Tẹ̀ ẹ́." Omi ro láti apá ọ̀tún fún ìgbà àkọ́kọ́.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é títí òjò fi lọ, tí ọyẹ́ sì dé. Láti orí àpò, mo bọ́ sí orí àpótí. Láti orí àpótí, mo bọ́ sí ilẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ kan, ẹsẹ méjì, ó sì máa ń dá a dúró kí apá ọ̀tún mi tó yẹ̀. Inú mi ń dùn, èyí ló sì ń bà mí nínú jẹ́ jù báyìí, pé inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára pé ó ku díẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan, mo jí, mi ò gbóòórùn ògì. Àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ẹ̀gbà ti mú màmá àgbà lóru. Mo wọ ẹ̀wù funfun mi, mo wọ yàrá rẹ̀. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu rẹ̀ ti ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ wà lára mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, mo gbé àyà mi sókè, mo dúró dè é.

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ní, "À… à…" Bóyá Àjàní ló fẹ́ pè, mi ò mọ̀. Mo di ara mi mú. Apá mi ò gbọ̀n. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, apá mi ò gbọ̀n rárá, mo lè wà níbẹ̀ di ọ̀sán. Ó tún ní, "À…," lẹ́yìn náà ó dákẹ́, mo sì gbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kan tí ẹ̀gbà ò mú ń gbá bẹ́ẹ̀dì, pẹ́, pẹ́, pẹ́.

Dádì mi wọlé. "Àjàní, dìde. Ó tó."

"Wọn ò tíì ní kí n dìde."

Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbá mi lábíyá mú, ó sì gbé mi dìde fúnra rẹ̀. Ó ń sunkún, mi ò sì tíì rí i kó sunkún rí.

Kí òjò tó tún rọ̀, wọ́n ti gbé òkú màmá àgbà lọ sí ilé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Mo bi Dádì mi pé kí ni bàbá ńlá wa sọ ní oríta. Ó ní òun ò mọ̀, pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun máa ń sá kúrò nílẹ̀ kí oríkì tó jìnnà. Ó mú mi lọ bá ìyá arúgbó kan nínú ẹbí. Ìyá náà fetí sí gbogbo ohun tí mo mọ̀, ó ń mi orí, títí mo fi dé ibi oríta.

"Oríta kẹ̀? Kò sí oríta nínú oríkì tiwa, ọmọ mi. Ó ní láti jẹ́ pé màmá àgbà rẹ fúnra rẹ̀ ló ń hun ún fún ọ."

Kò tún sí ẹni tí mo lè bi mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dojú dé pẹ̀lú mi ní Ìpọ̀nrí. Ọwọ́ ọ̀tún náà ló tún kán. Mo ti jáde yunifásítì, mi ò níṣẹ́, ibi kan ṣoṣo tó sì ti pè mí ni iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ kan tí wọ́n ti ní ẹni tí kò bá lè ṣe púṣọ́ọ̀pù kò gbọdọ̀ wá. Ẹni tó ń tọ́jú iṣan ara mi sọ pé eegun ti so pọ̀, pé kí n bẹ̀rẹ̀ lára ògiri, kí n bọ́ sórí tábìlì, kí n tó bọ́ sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Kò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Láràárọ̀, nínú yàrá tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ gbà ní Yaba, mo máa ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Mo mọ̀ pé òsì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Kò sí àpò lábẹ́ ọwọ́ mi tó máa tú àṣírí mi, kò sì sí ọwọ́ kankan lórí rẹ̀ tó máa tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka púṣọ́ọ̀pù. Oríkì ni mo máa ń kà, lábẹ́ ẹnu, kí ọ̀rẹ́ mi má bàa gbọ́: ilé tó kọjú sódò, arìnpẹ̀lẹ́ wọ̀lú, omi àlejò. Bí mo bá dé oríta, tí bàbá ńlá mi wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó ní…, ibẹ̀ ni apá mi á ti yẹ̀. Bóyá ọrùn ọwọ́ ni. Mo ti ronú sí i títí, mi ò sì gbà pé ọrùn ọwọ́ ni.

Àyà mi á balẹ̀. Sìmẹ́ǹtì á tutù mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Màá sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, màá máa retí kí ẹnì kan ní kí n dìde.