Mo Fi Ìyá Mi Búra

Tẹ́lẹ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kì í yẹ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ wò. Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, tó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, gbólóhùn kan ló ń parí ẹjọ́ nínú ilé wọn: “Mo fi ìyá mi búra.” Bí ọmọ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, bàbá á dákẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Ọmọ náà kì í sì í fi ṣeré. Mo lè jẹ́rìí sí i, torí ògiri kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ àti tiwọn.

Tẹlifíṣọ̀n ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń tún ṣe. Èyí tó bá tún ṣe tán, kì í jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Á tàn án sílẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ní àìsàn lè fara pamọ́ sínú rẹ̀ dìgbà tí ara bá gbóná. Nítorí náà, gbogbo ọmọ tó bá ti ilé ìwé dé ló ń yà síbẹ̀ wòran. Ọkùnrin kan ń bá a ṣiṣẹ́, Olójé la ń pè é, torí òun ló ń yọ́ òjé lẹ wáyà pọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà kúrú. Ó lè lo odindi ọjọ́ láìsọ ju “ó ti tàn” lọ.

Ni ìdíje kan bá dé lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n kó èèyàn méjìlá sínú ilé, wọ́n fi ọ̀dàlẹ̀ mẹ́ta sáàárín wọn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń dìbò lé ẹnì kan jáde; ọ̀dàlẹ̀ tó bá parọ́ tí àṣírí ò tú ló ń gba ẹ̀bùn. Mo sọ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi pé èyí kì í ṣe ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń wò. Ó rẹ́rìn-ín.

“Àǹtí télọ̀, eré ni. Jẹ́ kí wọ́n wò ó, kí wọ́n lè dá òpùrọ́ mọ̀ lọ́jọ́ iwájú.”

Mo ní òpùrọ́ wo ni wọ́n ń dá mọ̀, nígbà tó jẹ́ òpùrọ́ ni wọ́n ń fún lẹ́bùn? Ó ní ẹnu mi mú ju àlùmọ́gàjí mi lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa parí ẹ̀, wọ́n fura sí ọmọbìnrin kan nínú wọn. Ó bú sẹ́kún: “Mo fi ìyá mi tó ti kú búra, èmi kọ́.” Òun mà ni. Wọ́n gbà á gbọ́, ó sì gba ẹ̀bùn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́ títí. “Ọmọ yìí gbọ́n o, ó gbọ́n dójú àmì.” Ọmọ rẹ̀ ń wò ó lẹ́nu. Mo rí i, mi ò sọ nǹkan kan, ó ṣì ń dùn mí dòní.

Kò pé oṣù kan, a bá tẹlifíṣọ̀n oníbàárà kan nílẹ̀, gíláàsì rẹ̀ ti là. Ọmọ náà àti Olójé nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá kò tíì béèrè tán tí ọmọ fi nawọ́: “Olójé ló gbá a lulẹ̀. Mo fi ìyá mi búra.”

Ó parí nìyẹn. Olójé la ẹnu, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́wọ́ sókè pé òun ò fẹ́ gbọ́, kó máa lọ. Olójé kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó tiro jáde.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Èyí kò lò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Ọmọ náà wá sọ́dọ̀ mi kí n ran yunifọ́ọ̀mù fún un, mo ń wọn èjìká rẹ̀ lọ́wọ́, ó bú sẹ́kún.

“Àǹtí, èmi ni. Báàgì mi ló kọ́ ọ lulẹ̀.”

“Kí ló dé tóo fi nawọ́ sí ẹni ẹlẹ́ni?”

“Nínú ìdíje yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ ni wọn kì í lé jáde.”

“Ta ló fẹ́ lé ẹ jáde nílé bàbá ẹ?” Inú ń bí mi, mo gbé ohùn sókè. “O wá fi ẹ̀gbọ́n mi búra èké?”

Ó wò mí. “Ọmọbìnrin yẹn náà, ìyá ẹ̀ ti kú. Bàbá mi pàtẹ́wọ́ fún un.”

Mo ká téèpù mi sínú àpò.

Mo mú un lọ bá bàbá rẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò nà án, kò bú u. Ó wọ bàtà, ó ní kí n sin òun dé ilé Olójé. A bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń tún rédíò aládùúgbò kan ṣe lórí itan. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí òun fi ọdún mẹ́wàá jù lọ.

“Ọ̀gá, ẹ dìde,” ni Olójé wí. “Ọmọdé lọmọ, mo ti gbàgbé tiẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ò bi mí léèrè. Ọdún mọ́kànlá, ẹ ò tiẹ̀ bi mí.”

Kò padà wá. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń tan tẹlifíṣọ̀n títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ògiri ló ń kọjú wọn sí báyìí. Ọmọ náà kò sì búra mọ́.

Lánàá mo gbé yunifọ́ọ̀mù lọ fún wọn nílé. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, “Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, sà.”

Òótọ́ ni, ìṣojú mi ló ti jẹun. Bàbá dìde, ó lọ ṣí ìkòkò wò.