Awò Tí Bàbá Mi Rì Bọ Omi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Warri, etí odò ni ilé wa wà, ẹja yíyan sì ni iṣẹ́ mi lẹ́yìn ilé-ìwé. Èéfín á kó sí mi lójú, omijé á máa dà. Lọ́jọ́ kan mo rí idì olórí funfun kan lórí igi ní òdìkejì odò. Mo tẹjú mọ́ ọn títí ẹja fi jóná. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tó tẹ̀lé e: ìkúnlẹ̀, apá sókè. Mo ní idì ni mo ń wò, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní náílọ́ọ̀nù funfun ló há sórí igi. Bàbá gbà á gbọ́. Bí mo ṣe di Ìyá Onínáílọ́ọ̀nù nìyẹn, ó sì dùn mí ju ìkúnlẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo yege láti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, Bàbá ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́. Mo ní awò olójú kan tí wọ́n fi ń wo ọ̀ọ́kán ni. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó mú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ní Edjeba.

Mẹ́ta ló wà lórí tábìlì. Ọ̀kan gùn bí apá Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e, ó ń yangàn. Lóòótọ́ ló ń fa nǹkan súnmọ́ni, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, gbogbo àdúgbò á máa jó. Inú ọkọ̀ ojú omi wá ńkọ́? Inú èkejì ṣú bí ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kẹta kò ju agolo mílíìkì méjì tí a tò léra lọ, àmọ́ mo fi ka gbogbo lẹ́tà ara pátákó ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ní, "Papa, na dis one I want."

Apẹja ni Bàbá. Ohun tí omi lè bà jẹ́ kì í wọ ọkọ̀ rẹ̀. Kí ọlọ́jà tó mọ̀, ó ti ri awò mi bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi.

"Oga! No be cup o!" ni ọkùnrin náà ké.

Mo sáré bẹ̀rẹ̀ wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí omi bá wọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn. Bàbá yọ ọ́, ó nù ún, ó gbé e sójú, ó sì rẹ́rìn-ín. Omi kò wọ̀ ọ́, Bàbá sì sanwó.

Ọjọ́ méjì la fi ṣọ́ igi òdìkejì odò náà lásán. Lọ́jọ́ kẹta, nǹkan funfun yọ. Mo gbé awò fún Bàbá. Náílọ́ọ̀nù na ìyẹ́, ó já ṣòòròṣò sódò, ó gbé ẹja.

"Ẹyẹ ni o!" Bàbá pariwo. "Ọmọ mi ò purọ́!"

Mo jó yí ibi ẹja yíyan ká, inú mi dùn dé góńgó. Ẹ̀gbọ́n mi tọrọ awò. Mo jẹ́ kó bẹ̀ mí dáadáa.

Lóde òní, fóònù lásán ń ya àwòrán ẹyẹ. Nígbà tiwa, àfi kí àgbà fojú ara rẹ̀ rí i kó tó gba ọmọdé gbọ́. Bí ọmọbìnrin mi bá sáré wọlé báyìí, tó ní, "Mummy, I don see one bird!", mo ti gbà á gbọ́ kí n tó dìde lórí àga.