Ẹ́ńjìnnì Tí Ardis Kọ̀ Lẹ́ẹ̀mejì

“Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi yín bá kọ̀ tí kò jí ńkọ́, màmá?”

Nọ́ọ̀sì tí ń dúró ti ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀, èyí tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ló bi Ardis Kvamme bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó ń fi báńdéèjì di apá Orval. Kò fi bú u, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ardis ní, “Yóò jí,” ó sì mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá a wọ mọ́tò, ó bá a dé èbúté, ó sì bá a sùn.

Erékùṣù kékeré kan nínú adágún Burnt Pine, ní àríwá Minnesota, ni òun àti Orval ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé, nínú ilé pákó tí baba wọn kọ́. Àwọn méjèèjì kò ní ọkọ, wọn kò ní aya. Ardis ti se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé títí irun rẹ̀ fi funfun. Orval gé igi títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi daṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì tẹ̀lé ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Ardis ń gbé e sórí ọkọ̀ pẹrẹsẹ wọn, èyí tí ó jókòó lórí àgbá gbọọrọ méjì bí ẹní tí a tẹ́ sórí omi, tí yóò wà á dé èbúté, kí wọ́n tó wọ mọ́tò lọ sí ìlú. Kò sí ará adágún kankan tí ó mọ ohun tí wọ́n ń lọ ṣe. Wọ́n rò pé Orval ń lọ ta káàdì ni. Àwọn Kvamme kì í kó ẹjọ́ ara wọn lọ sí ojúde.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ìlú, ẹ́ńjìnnì náà húkọ́ láàárín omi, ó gbọ̀n, ó sì dákẹ́. Ardis yí kọ́kọ́rọ́ títí ìka rẹ̀ fi pọ́n.

“Jẹ́ ó sinmi,” Orval wí láti orí àga rẹ̀. “Bí baba wa ṣe kú náà nìyẹn. Ó húkọ́, ó sì panu mọ́.”

“Má fi ṣeré, Orval.”

“Kí ni kí n fi ṣe? Kí n wẹ̀ lọ ilé?”

Afẹ́fẹ́ ń gbé wọn lọ sí ibi àpáta. Toivo Rautio, mẹkáníìkì èbúté, ló rí wọn, tí ó so okùn mọ́ wọn tí ó sì fà wọ́n dé ilé. Ó tú orí ẹ́ńjìnnì náà, ó fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ pẹ́, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀.

“Ardis, n kò ní í tàn ọ́. Eléyìí ti lọ. Tí o bá ní kí n tún un ṣe, màá gba owó rẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ á máa tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Tuntun ńkọ́?”

Toivo sọ iye owó rẹ̀. Ardis wá ibi jókòó sí. “Ìyẹn ju ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ.”

“Ó ju ọkọ̀ lọ, ó ju mọ́tò rẹ lọ, díẹ̀ ló kù kó ju èmi alára lọ. Èló lo ní?”

“Ẹgbẹ̀rún dọ́là kan. Ìyẹn tí mo bá ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi.”

“Alòkù lo máa rà nígbà náà. Fetí sílẹ̀. Má torí eré sísá ra ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tìrẹ kì í ṣe ẹṣin, màlúù ni. Agbára ìtì ló ń fẹ́, abẹ̀bẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì fi ń ti omi sì gbọ́dọ̀ gbòòrò. Ológójì, ìyẹn èyí tí agbára rẹ̀ tó ti ogójì ẹṣin, lè gbé e, aláàádọ́ta ló dára jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tí ó ń kì bọ omi, gbọ́dọ̀ gùn. Tí ìgbì bá dé, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú á yọ sókè, á máa mu afẹ́fẹ́, á máa pariwo, ẹ ò sì ní í kúrò lójú kan. Kí o sì tú ọ́ìlì jíà rẹ̀ wò. Tó bá dúdú, kò burú. Tó bá funfun bíi kọfí tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀. Sá.”

Toivo yá wọn ní ọkọ̀ kékeré alájẹ̀ kan. Ó dára fún Ardis, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti sọ Orval kalẹ̀ sínú rẹ̀, ọkọ̀ náà yí, díẹ̀ ló kù kí ọkùnrin náà bá ẹja lọ. Wọ́n rọ́jú dé ìlú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n padà délé, àwọn méjèèjì tutù títí dé ìgbáròkó.

Ó dá nìkan tukọ̀ dé èbúté, ó sì wọ mọ́tò lọ wo ẹ́ńjìnnì kan tí ọmọkùnrin kan ń tà ní ìlú kejì. Ọlọ́gọ́ta ni, ó ń dán bíi bàtà ìyàwó, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ardis fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kúrú.

“Màmá, ẹ kàn gé ẹ̀yìn ọkọ̀ yín wálẹ̀ díẹ̀,” ọmọkùnrin náà wí.

“Tí bàtà kò bá gba ẹsẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gé nílé yín?”

Síbẹ̀, ó ní kí ó tú ọ́ìlì jíà náà. Ọmọkùnrin náà fọwọ́ họ ọrùn, ó sì tú u. Funfun ni. Ardis dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó sì wà á padà sí èbúté.

Lọ́jọ́ kejì ni Ulysse Guidroz wa ọkọ̀ rẹ̀ wá sí erékùṣù. Ará Louisiana ni, láti ìsàlẹ̀ Gúúsù pátápátá. Ìgbà ìrúwé tó kọjá ló ra ilé sí etí adágún. Ohùn rẹ̀ a máa la omi kọjá, ata ọbẹ̀ rẹ̀ a sì máa mú aládùúgbò sín.

“Mà,” ó wí, “Toivo ní ẹ́ńjìnnì yín ti kú. Mo ti ra ńlá fún ọkọ̀ tèmi. Aláàádọ́ta mi wà nílẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni. Ẹ fún mi ní ẹgbẹ̀rin dọ́là, kí ẹ máa gbé e lọ.”

Ọkàn Ardis fò. Ẹnu rẹ̀ ní, “Áà, ẹ má ṣèyọnu. A ó rọ́gbọ́n dá.”

“Ìyọnu wo, mà? Ibẹ̀ náà ló kàn máa jókòó sí.”

“Rárá o. Ẹlòmíràn á wà tí ó nílò rẹ̀ jù wá lọ.”

Bí wọ́n ṣe tọ́ ọmọ ní adágún yẹn nìyẹn. Bí a bá fi kọfí lọ̀ ọ́, o kọ̀. Bí a bá tún fi lọ̀ ọ́, o kọ̀. Ìgbà kẹta ni o ó wá sọ pé, ó dáa, ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kú lọ bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe, olóúnjẹ sì mọ̀, kì í dúró ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ardis ti la ẹnu sílẹ̀ de ẹ̀ẹ̀kẹta.

“Ó dáa náà, mà,” ni Guidroz wí. Ó fọwọ́ kan fìlà rẹ̀, ó sì lọ.

Ardis dúró létí omi, ó ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà, ó ń retí kí ó yíjú padà. Kò yíjú padà.

“Kí lo ṣe yẹn?” Orval ké láti ojú fèrèsé.

“Ó yẹ kó béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i.”

“Ta ló kọ́ ọkùnrin náà bẹ́ẹ̀? Níbi tí wọ́n ti bí i, rárá ni rárá ń jẹ́! Lọ bá a.”

“Kí n lọ sọ kí ni? Kí n lọ máa tọrọ?”

Orval pa fèrèsé dé. Afẹ́fẹ́ dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìgbì sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kékeré kò lè dá a láṣà. Ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀ kọjá lórí wọn nínú ilé. Ẹsẹ̀ Orval wú, ó kọ bàtà. Ní òru, Ardis ń gbọ́ mímí rẹ̀ láti yàrá kejì, bí ẹni tí ń fi ọ̀pá ìmumi fa ìsàlẹ̀ ife. Ó gbọ́ ìbéèrè nọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí omi rọlẹ̀ díẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ń fẹ̀yìn rìn sí èbúté Guidroz. Ọkùnrin méjì dúró ti ẹ́ńjìnnì náà.

Kò wọ kóòtù. Ó wọ ọkọ̀ kékeré, ó sì gbá àjẹ̀ mú. Omi ń ta sí i lójú. Gbogbo ìgbà tí ó bá wẹ̀yìn, ó dà bíi pé èbúté náà ń sún sẹ́yìn ni. Ó rí i tí wọ́n so okùn mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó rí i tí wọ́n gbé e sókè kúrò lórí ìdúró rẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni Guidroz!” Kò tíì so ọkọ̀ tí ó fi ké. “Mo fẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn.”

“Mà? Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò fẹ́.”

“Irọ́ ni mo pa.”

“Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́, mà.”

“Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, irọ́ ni.”

Guidroz wo ọkùnrin kejì, onífìlà pupa kan tí owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Mo ti fún ọkùnrin yìí lọ́rọ̀, mà. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ sọ mí dà.”

Ardis di òpó èbúté mú. Ọ̀rọ̀ tí kò tíì sọ létí adágún yẹn rí ló jáde lẹ́nu rẹ̀. “Kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ẹ̀rọ ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ní ìlú. Ó ti pàdánù ìgbà kan. Bí mi ò bá gbé e kọjá omi yìí, inú ilé ni yóò kú sí.”

Onífìlà pupa wo ẹ́ńjìnnì tó ń fì lókè, ó wo obìnrin arúgbó tí omi ń kán lára rẹ̀.

“Ẹja lèmi fẹ́ máa fi pa,” ó wí, ó sì ti owó rẹ̀ bọ àpò. “Ẹja á dúró. Ẹ gbé e, màmá.”

“Rá—” ti dé eyín Ardis. Ó gbé e mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì.

“Ẹ ṣé,” ó wí.

Guidroz kò jẹ́ kí ó tukọ̀ padà. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni ó fi lọ gbé Orval wá sí èbúté fún ìfọ̀jẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé e sọ́wọ́ bí ọmọ ọwọ́, Orval sì ń kùn pé ata ń run lára rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Toivo de aláàádọ́ta náà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó jí ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ó gbé Orval lọ, ó gbé e bọ̀, títí omi fi dì ní ìgbà òtútù tí wọ́n kó lọ sí ìlú, àti ní ọdún kejì, àti ní ìkẹta, kí ọkùnrin náà tó sùn tí kò jí, lórí ibùsùn ara rẹ̀ ní erékùṣù.

Ardis san ẹgbẹ̀rin dọ́là Guidroz pé. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ lọ sí i. Ti onífìlà pupa ni kò rí ṣe. Epo tí ọkùnrin náà jó wá jó lọ, àti iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tó fi sílẹ̀, Ardis fẹ́ san án, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń ran Guidroz lọ́wọ́ láti tú okùn ni ọkọ̀ akẹ́rù náà gun òkè lọ, kò sì béèrè orúkọ rẹ̀. Guidroz ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló gbé e nígbà tí Ardis pè. Ó ti bi Toivo, ó ti bi àwọn tí ń ta ìdẹ ẹja ní ọ̀nà márùn-ún tó wọ adágún náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Kò tíì san án títí di òní.